Ta Ló Yan Tábà fún Àwọn Bàbá Wa? Ìtàn Ìkòkò Tábà láti Bahia dé Sáríà

 

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń kó àwọn ohun èlò àtijọ́ jọ fún tábìlì ìṣàfihàn ẹgbẹ́ wa, ìdílé kan mú ìkòkò tábà kan wá. Amọ̀ ni orí rẹ̀, kò ju ìkarahun ìgbín kékeré lọ. Igi ni ọ̀pá rẹ̀, ẹnu ọ̀pá náà sì ti jẹ wọnú níbi tí eyín ti ń dì í mú láti ọdún gbọọrọ. Kíá ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa tí a wà nídìí ètò náà. Àwọn kan ní kí a gbé e sórí tábìlì, nítorí ohun ìní àwọn baba wa ni. Àwọn kan ní rárá o, ọmọdé yóò pọ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fi tábà ṣe ẹ̀ṣọ́ lójú wọn.

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́ ni agùnbánirọ̀ kan tó bá wa wá ti kọjú sí bàbá àgbà tó gbé ìkòkò náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n máa fi ìkòkò mu tábà bíi ti àwọn àgbà. Irú tábà wo ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀?”

Gbogbo wa dákẹ́. A rò pé bàbá yóò bú u ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni bàbá rín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ tiẹ̀ ń bèèrè. Àwa kò bèèrè, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá. Ohun tó bá dé ọjà la mu, èyí tó bá dùn lẹ́nu la sì fi bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ìdí ìwé ìtàn. Bí a ṣe ń kà á ni a rí i pé ìdáhùn bàbá kì í ṣe àwàdà. Láti nǹkan bí irinwó ọdún tí tábà ti wọ ilẹ̀ wa, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ yan èyí tí yóò mu. Ẹlòmíràn ti máa ń yàn án dè é, adùn ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ìdẹ rẹ̀.

Kí á ti ibi tó ti ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Tábà kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà kì í ti í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ní ọdún 1492, àwọn ọmọ ọkọ̀ Columbus rí àwọn onílé ní Cuba tí wọ́n ń ká ewé kan, tí wọ́n ń finá sí i, tí wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ewé náà ti dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orúkọ tó bá a wá kò tiẹ̀ yí padà púpọ̀: tabaco lẹ́nu àwọn Potogí, tábà lẹ́nu wa, taba lẹ́nu àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé.

Àwọn awalẹ̀pìtàn fẹ́ràn ìkòkò tábà púpọ̀, nítorí ó máa ń bá wọn ka ọjọ́ orí ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń walẹ̀ ìlú àtijọ́ kan, tí wọ́n sì kan àfọ́kù ìkòkò tábà, wọ́n mọ̀ pé àwọn ènìyàn tó gbé ibẹ̀ nígbà náà gbé lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1960. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ náà rí irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ ní Èdè-Ilé, ìlú tí Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí.

Ẹ wo orúkọ tí a fún ohun èlò náà. Ìkòkò ni, bí ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn tó ń mọ ọ́n a máa fín ọnà sí i lára. Ti àwọn òyìnbó ìgbà náà, amọ̀ funfun ni láti orí dé ẹnu, bó bá ti bọ́ ó di àfọ́kù. Tiwa, orí nìkan ni amọ̀, a ó wá ki ọ̀pá igi tàbí esùsú bọ ihò ìdí rẹ̀. Bí ọ̀pá bá ṣẹ́, a ó pààrọ̀ rẹ̀, orí yóò sì wà títí. Ọkùnrin mu ún, obìnrin mu ún. Ẹni tó bá ti wo ère Èṣù dáadáa ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yóò ti rí èyí tó fi ìkòkò sẹ́nu.

Wàyí o, irú tábà wo ló wà nínú àwọn ìkòkò wọ̀nyẹn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gba sùúrù.

Ní etíkun Brazil, ìgbèríko kan wà tó yí ìyawọ̀ omi Bahia ká, tí wọ́n ń pè ní Recôncavo. Cachoeira jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin tábà lọ́pọ̀lọpọ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Bí wọ́n bá ti ká a, wọn a ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó dára jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, òfin ọba Potogí ni pé Lisbon ni kí ó máa lọ. Ẹ̀kẹta, ìyẹn àwọn ewé kéékèèké àti èyí tó ti ya, wọ́n ń pè é ní refugo, èyí tí a ṣà tì. Òun ni wọ́n yọ̀ǹda kí àwọn oníṣòwò Bahia máa kó wá sí etíkun wa.

Ewé tó ti ya tètè máa ń gbẹ, yóò sì rún. Kí ó má baà rún, àwọn tó ń ṣe é a da omi dúdú tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá se ṣúgà ìrèké lé e lórí, ju èyí tí wọ́n ń dà sórí ewé tó dára lọ. Wọn a lọ́ ọ bí okùn, wọn a ká a bí òṣùká ńlá, wọn a fi awọ màlúù dì í. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí kí ẹrù má bàjẹ́ wá di ohun tó mú ẹnu àwọn baba wa. Nígbà tí wọ́n bá tú awọ náà, tábà inú rẹ̀ a tutù, a dúdú, a máa ta sánsán, a sì dùn. Ẹni tí kò fi tábà kan ẹnu rí lè fa èyí kí ó má wú u lọ́fun jù.

Pierre Verger, ará Faransé tó gbé Bahia fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì di babaláwo tí a mọ̀ sí Fátúmbí, kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1968 lórí òwò tó wà láàárín Bahia àti etíkun wa. Níbẹ̀ ni a ti lè kà nípa bí tábà yìí ṣe lágbára tó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní tábà tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà etíkun kò fẹ́ ẹ. Ti Bahia ni wọ́n ń bèèrè. Ó di dandan kí àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn máa ra tábà lọ́wọ́ àwọn Potogí kí òwò wọn tó lè yá. Àwọn ará Hóláǹdì tó gba odi Elmina ní 1637 náà rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà tó wà nínú ọkọ̀ àwọn Potogí kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ tajà ní Grand-Popo, Ouidah, Jakin àti Apá.

Kí ni wọ́n ń fi tábà náà rà? Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ènìyàn ni wọ́n ń fi rà. Òṣùká tábà ni wọ́n fi ń ka iye owó orí ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ní etíkun náà, bí a ṣe ń fi náírà ka iye nǹkan lónìí. Lóòótọ́ owó ẹyọ wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, ọtí àti ìbọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọkọ̀ Bahia, tábà ni olórí ẹrù. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba Èkó àti Ouidah, ewé tí Lisbon kọ̀ ni wọ́n fi ra ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bahia ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nagô. Àwọn mìíràn nínú wọn dé Cachoeira, ilẹ̀ tábà gan-an. Ẹni tí wọ́n fi tábà rà wá ń bá wọn gbin tábà tí wọn yóò fi ra àbúrò rẹ̀. Nígbà tí a ka ibi yìí sókè ní ìpàdé ìgbìmọ̀, màmá kan dìde, wọ́n jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tó fa ìkòkò ló mọ èyí. Àgbẹ̀ tó jókòó lábẹ́ igi ní Ṣakí kò rí ọkọ̀ rí. Ohun tó mọ̀ ni pé tábà wà lọ́jà, ó sì dùn.

Òwò ẹrú parí ní Brazil lẹ́yìn òfin ọdún 1850, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kọlu Èkó ní 1851. Tábà kò dúró. Àwọn Àgùdà tó ti Bahia padà wálé ń kó epo pupa, obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì lọ síbẹ̀, wọ́n sì ń kó tábà bọ̀. Ó tún dáa díẹ̀ báyìí, ọjà la fi ń pààrọ̀ ọjà.

Gbogbo àkókò yìí, àwọn àgbẹ̀ wa náà ti ń gbin tábà tiwọn, wọ́n ń sá a síbi afẹ́fẹ́ títí yóò fi dúdú. Èéfín irú tábà bẹ́ẹ̀ le. Kò ṣe é fà wọnú àyà. Ẹnu ni a ń gbà á sí, kí a tó tú u jáde, agbára rẹ̀ a sì máa gba ẹran ẹnu wọlé. Bákan náà ni aáṣáà, tí a ń lọ̀ pọ̀ mọ́ kán-ún. Kán-ún yìí ló ń jẹ́ kí agbára tábà tètè jáde. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀nà Adágún Chad ni kán-ún ti ń wá, tí àwọn oníṣòwò apá Àríwá ń kó o gba ilẹ̀ Haúsá dé Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó pẹ́ kí awa tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá síhìn-ín tí ìhín ti ń wá sínú àpò aáṣáà àwọn ìyá wa.

Báwo ni ọmọdé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà? A bi bàbá. Wọ́n ní bí àgbà bá fẹ́ fa ìkòkò, yóò pe ọmọ pé kó lọ bá òun fi iná sí i. Ọmọ yóò fi ẹ̀mú mú ògúnná nínú ààrò, yóò gbé e lé orí tábà, yóò sì fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí iná lè ràn, kó tó gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bàbá ní òun kò ju ọmọ ọdún 9 lọ tí òun ti ń finá sí ìkòkò bàbá àwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sì ti ní tirẹ̀ kí ó tó fẹ́ ìyàwó.

Lẹ́yìn náà ni sìgá dé. Ilé-iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá ní Òṣogbo ní 1933, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní 1951 ni orúkọ Nigerian Tobacco Company jáde. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ilé-iṣẹ́ sìgá ti wà ní Sáríà níhìn-ín pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irúgbìn tí wọ́n ń pè ní Virginia fún ilé-iṣẹ́ náà.

Ewé Virginia yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Wọn a máa fi ooru iná gbẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nínú abà, kí adùn tó wà nínú ewé má baà lọ. Èéfín rẹ̀ rọ̀, kò ta lọ́fun bíi ti tábà dúdú. Nítorí pé ó rọ̀, ẹni tó ń mu ún a fà á wọnú ẹ̀dọ̀fóró tààrà. A tún rí adùn nídìí rẹ̀, àbí a kò rí i? Ìkòkò gba àkókò: a ó gé tábà, a ó kì í kó má le jù kó má sì rọ̀ jù, a ó wá iná, a ó jókòó. Sìgá kò gba ìyẹn. Kọ́bọ̀ díẹ̀ ni ọmọkùnrin nílò láti ra ẹyọ kan ní ibùdókọ̀. Kò pẹ́ tí ìkòkò fi di ti àwọn arúgbó.

Ìwádìí tí Doll àti Hill ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950 fi hàn pé sìgá àti àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ ń rìn. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà kéde bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti jẹ́ kó yé wa pé ìkòkò kò yọ ẹni sílẹ̀: ètè, ahọ́n àti ọ̀fun ni ó sábà máa ń mú. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀ ìkálọ́wọ́kò, ti 2015 sì le jù ú lọ. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó já sìgá tà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń pa òfin náà mọ́ ní òpópónà wa, a kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibí yìí ni bàbá sọ ohun tí wọn kò sọ lọ́jọ́ kìíní. Ìkòkò tí wọ́n gbé wá kì í ṣe tiwọn. Ti ẹ̀gbọ́n wọn ni, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo wá sí Sáríà, tó sì ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Egbò kékeré kan yọ sí ètè rẹ̀ níbi tí ọ̀pá ìkòkò ti máa ń sinmi lé. Wọ́n fi ewé sí i, kò jinná. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá ní láti ọjọ́ tí àwọn ti sin ín ni òun kò ti fa tábà mọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè ju ìkòkò náà nù. “Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wá sí ìlú yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ń mu, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tó pa á.”

Wọ́n wá kọjú sí agùnbánirọ̀ náà, wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́? Ẹni tí o bi ṣáájú mi, kí ló ní kí o fi bẹ̀rẹ̀?” Ọmọ náà ní ẹni tó ń tà á lọ́jà sọ fún òun pé kí òun fi èyí tó dùn bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òórùn èso sí, nítorí òun ni kì í le fún ẹni tuntun. A wo ojú ara wa. Òótọ́ ni ọlọ́jà náà sọ, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tuntun ní ìlú òyìnbó náà nìyẹn. Ohun tí kò sọ ni pé tábà tí wọ́n rẹ sínú adùn máa ń ní omi lára, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n fà yóò máa fà á léraléra títí èéfín gbígbóná yóò fi bó o láhọ́n, àti pé agbára tábà tó ń di ènìyàn mú kò kúrò nínú rẹ̀ nítorí adùn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mìíràn kò tiẹ̀ mọ ìkòkò mọ́. Ṣíṣà ni wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n ń fà gba inú omi. A bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní èso ni. Tábà ni. Omi dúdú ṣúgà ìrèké tàbí oyin ni wọ́n sì sábà máa ń rẹ ẹ́ sí, bí wọ́n ti ṣe refugo ní Bahia.

Agùnbánirọ̀ náà ti parí ìsìn rẹ̀, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ó mu ún tàbí kò mu ún. Ní ti ìkòkò, ìgbìmọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan báyìí: yóò wà lórí tábìlì lọ́dún yìí, níwájú, pẹ̀lú ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a kọ orúkọ Cachoeira sí, àti ìlú tí ẹ̀gbọ́n bàbá ti wá, àti ohun tó pa á. Bàbá fúnra wọn ni yóò jókòó tì í láti dá àwọn ọmọdé lóhùn. Bí ìdílé mìíràn bá ní irú rẹ̀ nínú àpótí, ìkòkò tàbí àdó aáṣáà ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e wá kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Dúdú inú rẹ̀ náà wà lára ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí.